Ẹ̀rín Tí Kì Í Ṣe Ti Ayọ̀: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Ẹ̀rín nínú Àkànlò Èdè Gẹ̀ẹ́sì

   

Ìwé ìdánwò kan ló gbé mi dórí ọ̀rọ̀ òní. Mo ń yẹ iṣẹ́ ìtumọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò lálẹ́ ọjọ́ kan. Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tí a fún wọn dá lórí olóṣèlú kan tí àṣírí rẹ̀ tú, tó wá di "laughing stock" ní ìlú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan fi bírò búlúù kọ ọ́ pé, "Ó di ọjà ẹ̀rín ní ìlú." Ó ti kọ́kọ́ kọ "ẹrù ẹ̀rín", ó fa ìlà lé e lórí, ó wá fi "ọjà" rọ́pò "ẹrù". Mo rí bí ọmọ náà ṣe ronú. Ó mọ ẹ̀rín. Ó mọ "stock" tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù máa ń kà bí ọdún bá ń parí lọ. Ó so méjèèjì pọ̀. Kò ya ọ̀lẹ rárá, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò ka gbólóhùn yẹn tí yóò mọ̀ pé ọkùnrin náà ti tẹ́. Mo gbé bírò pupa sílẹ̀. Ó hàn sí mi pé àwa olùkọ́ ni a kò tíì sọ iṣẹ́ tí ẹ̀rín ń ṣe nínú Gẹ̀ẹ́sì fún un.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì bá fi ẹ̀rín ṣe àkànlò èdè, kí ló ń sọ gan-an? Ìdáhùn mi kò gùn: ipò ló ń sọ. Nínú èyí tó pọ̀ jù lára àwọn àkànlò yìí, a kì í gbọ́ bí inú ẹni tó ń rẹ́rìn-ín ṣe dùn tó. Ohun tí à ń gbọ́ ni ta ló wà lókè, ta ló wà nílẹ̀, àti bóyá ìgbà ti fẹ́ yí padà fún wọn. Òǹtúmọ̀ tó bá ń gbé "ẹ̀rín" síbi tí "laugh" bá ti wà láìwo ipò, ó lè sọ ìdàkejì ohun tó kà.

1. Kí là ń pè ní àkànlò, kí là ń pè ní ẹ̀rín?

Bí gbẹ́nàgbẹ́nà bá kan pákó mẹ́rin márùn-ún pọ̀ tó di àga, a kì í pe ohun tó ṣe ní pákó mọ́. Pákó ṣì wà níbẹ̀, a ń fojú rí i, àmọ́ ìjókòó là ń fi í ṣe. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àkànlò èdè. Nígbà tí a bá ní olè fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, kò sí ẹni tó ń bèèrè ibi tí abẹ̀bẹ̀ wà. Ọ̀rọ̀ ti kàn mọ́ ọ̀rọ̀, ó ti di ohun mìíràn. Ẹni tó bá fẹ́ gbé àga láti ilé kan dé òmíràn kò gbọdọ̀ tú u sí pákó lójú ọ̀nà. Ti òwe yàtọ̀ díẹ̀, nítorí òwe lè dá dúró kó sì fún ni nímọ̀ràn, n kò sì ní pẹ́ lórí ìyẹn.

Orí ẹ̀rín ló yẹ ká pẹ́ sí. Yorùbá ní ẹ̀rín músẹ́, ó ní ẹ̀rín kèékèé, ó ní ẹ̀rín àríntakìtì. Ìyá kan náà ló bí gbogbo wọn: ẹ̀rín ni orúkọ wọn. Gẹ̀ẹ́sì kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó yọ ti músẹ́ sọ́tọ̀, ó sọ ọ́ ní "smile", ó sì fi "laugh" pe èyí tó ní ariwo. Lẹ́yìn náà ló pín iṣẹ́ fún àwọn méjèèjì. Ojú rere wà lọ́wọ́ "smile". Bí oríire bá kan èèyàn, wọ́n á ní oríire "smile" sí i. Kò sí ẹni tó ń sọ pé oríire "laugh" sí òun. Ìfiniṣẹ̀sín, ìṣẹ́gun àti ìyọṣùtì síni ni wọ́n kó fún "laugh". Yorùbá, tó ní orúkọ kan ṣoṣo, kò yà wọ́n sọ́tọ̀ báyẹn, ìdí sì nìyẹn tí ẹsẹ̀ wa fi máa ń yọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi gbólóhùn tó kéré jù lọ hàn yín. Òyìnbó ní, "He laughed at me." Mo ti rí i tí wọ́n tú u sí "Ó rẹ́rìn-ín sí mi." Ẹ̀yin ará, ẹni tó rẹ́rìn-ín sí mi ti ṣe mí lóore! A máa ń ṣàdúrà pé kí ayé rẹ́rìn-ín sí wa. Ohun tí Òyìnbó sọ ni pé, "Ó fi mí rẹ́rìn-ín." Ọ̀rọ̀ kékeré méjì ló ya ojúure kúrò lára àbùkù, "sí" àti "fi". "Sí" ń gbé ẹ̀rín wá bá mi gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn. "Fi" ń gbé èmi fúnra mi, ó ń sọ mí di ohun èlò tí ẹlòmíràn fi ń rín ẹ̀rín tirẹ̀. Ẹni tó bá di "fi" yìí mú ti di ìdajì ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí mú, nítorí ipò ni "fi" ń sọ.

2. Ibi tí ayọ̀ ṣì wà

N kò ní fi ohun tó fẹ́ ta ko ọ̀rọ̀ mi pa mọ́. Àwọn àkànlò kan wà tí ayọ̀ wà nínú wọn lóòótọ́. Gẹ̀ẹ́sì ní èèyàn lè rẹ́rìn-ín títí orí rẹ̀ á fi já bọ́, ó lè rẹ́rìn-ín kú, ìhà rẹ̀ lè là sí méjì. Ó tún ní èèyàn lè wà "in stitches", èyí tí àwọn kan rò pé ó jẹ mọ́ abẹ́rẹ́ àti òwú. Kò jẹ mọ́ ọn. "Stitch" inú àkànlò yìí ni ohun tó máa ń gún ni fín-ín nínú ìhà bí a bá sáré lẹ́yìn oúnjẹ. Ìgúnni ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. William Shakespeare ti fi í sẹ́nu ẹ̀dá-ìtàn kan nínú eré rẹ̀ "Twelfth Night", ní nǹkan bí ọdún 1601.

Níbí, iṣẹ́ òǹtúmọ̀ rọrùn, nítorí Yorùbá náà ń pani lẹ́rìn-ín. Orúkọ tí a ń pe àwọn aláwàdà bíi Moses Ọláìyá, Baba Sàlá tó fi ayé sílẹ̀ ní ọdún 2018, ni adẹ́rìn-ín-pòṣónú. Òṣónú ni ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín, tó máa ń di ojú bí òjò tó ṣú. Aláwàdà kọlù ú, ó fi ẹ̀rín pa á. Bẹ́ẹ̀, ẹ kíyè sí i pé nínú àwọn àkànlò aláyọ̀ wọ̀nyí pàápàá, ogun ni. Ẹ̀rín ló borí, ẹni tó ń rín in ló ṣubú lulẹ̀. Ipò ṣì wà níbẹ̀, ayọ̀ kàn bò ó mọ́lẹ̀ ni.

3. Ẹ̀rín tó wọ inú apá aṣọ

Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, apá ẹ̀wù àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ̀ débi pé èèyàn lè gbé ojú rẹ̀ pamọ́ sínú rẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń sọ pé ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín nínú apá aṣọ. Ṣẹ́ẹ̀tì ti gba ipò ẹ̀wù gbàràmù-gbaramu yẹn lára wọn, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń sọ ọ́ dòní: "laugh up your sleeve". Ẹni tó ń wọ agbádá kò ní pẹ́ mọ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn.

Èdè kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tó ń fi ẹ̀rín yìí pamọ́ sí. Faransé fi í sábẹ́ ẹ̀wù àwọ̀lékè. Jámánì dì í sínú ìkúùkù kékeré. Àwa gbé e wọnú: ó rẹ́rìn-ín sínú. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká bèèrè ẹni tó máa ń rín irú ẹ̀rín yìí. Ọba kì í rín in, kí ló fẹ́ fi pamọ́? Ọmọ iṣẹ́ ló ń rín in. Ọ̀gá dúró níwájú àlejò, ó ń fọ́nnu pé ìṣirò òun kì í yẹ̀, akọ̀wé tó mọ̀ pé òdo kan ti sọnù nínú ìṣirò náà sì tẹ orí ba, ó ń wo bàtà rẹ̀. Lójú gbogbo ayé, akọ̀wé yìí ló wà nílẹ̀. Nínú ohun tó mọ̀, òun ló wà lókè. Ipò méjì ni àkànlò yìí gbé dání lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà, "rẹ́rìn-ín sínú" nìkan kò tó o. Ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn lásán náà lè rẹ́rìn-ín sínú. "Ó ń fi ọ̀gá rẹ̀ rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀" ló bá a mu, ẹ sì tún rí "fi" wa níbẹ̀.

4. Igi tó dúró láàárín ọjà

A padà sọ́dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ "ọjà ẹ̀rín". Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, kùkùté tàbí ìtì igi ni "stock". Lára ìtì igi yẹn ni ìtumọ̀ yòókù ti yọ bí ẹ̀ka: ìran tí èèyàn ti ṣẹ̀ wá, ọjà tí oníṣòwò kó jọ, àti pákó oníhò tí wọ́n fi ń de ẹsẹ̀ arúfin ní gbangba ìlú. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì Yorùbá mọ pákó yìí. Àbà ni, irú èyí tí wọ́n kàn mọ́ Pọ́ọ̀lù àti Sílà lẹ́sẹ̀ nínú túbú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìta gbangba ni wọ́n máa ń gbé tiwọn sí, kí ẹni tó ń kọjá lè dúró wò ó, kí ẹni tó bá wù sì lè sọ ìdọ̀tí lu ẹni tí wọ́n dè.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé inú àbà yìí ni àkànlò náà ti jáde. Èmi kò fi gbogbo ara tẹ̀ lé wọn, n ó sì sọ ìdí rẹ̀. Láyé ìgbà náà, kì í ṣe ẹ̀rín nìkan ni wọ́n ń so mọ́ "stock". Wọ́n ní "pointing-stock" fún ẹni tí gbogbo ayé ń nawọ́ sí. Wọ́n ní "gazingstock" fún ẹni tí wọ́n pé lé lórí tí wọ́n ń wò, ó wà nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611 títí dòní. Èyí fi hàn mí pé igi fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń wò lọ́kàn: òpó kan tó dúró gbagidi, tí gbogbo ojú dojú kọ, tí gbogbo ọwọ́ nà sí.

Ẹ bá mi dúró díẹ̀ níwájú òpó yẹn. Kí ló burú nínú kí èèyàn di igi? Igi kì í fèsì. Ẹni tí wọ́n bú lè bú padà. Ẹni tí wọ́n lù lè sá. Ẹni tó di igi ẹ̀rín kò lè ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì, nítorí bó bá ti la ẹnu báyìí, ọ̀rọ̀ tó sọ á tún di ẹ̀rín mìíràn. Ibẹ̀ ni oró àkànlò yìí wà. Ó sọ ipò ẹni tí wọ́n ti gba èsì lẹ́nu rẹ̀.

Ǹjẹ́ Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tó lè gbé ìyẹn? Ó ní i lọ́pọ̀lọpọ̀. "Ìran àpéwò" bá "gazingstock" mu bí ẹni pé ọwọ́ kan ló gbẹ́ wọn. Fún "laughing stock" a ní ẹni yẹ̀yẹ́, a ní ẹni ẹ̀sín. N kò ka méjèèjì sí ọgbọọgba. Yẹ̀yẹ́ fúyẹ́, ọ̀rẹ́ lè fi ọ̀rẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ nídìí ayò, kí wọ́n sì jọ jẹun tán. Ẹ̀sín wúwo. Àwọn baba wa ló ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ, wọn kò sì sọ bẹ́ẹ̀ nípa yẹ̀yẹ́. Nítorí náà, olóṣèlú inú ìwé ìdánwò yẹn di ẹni ẹ̀sín ní ìlú. Mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé ọmọ náà, mo sì ya igi kékeré kan sí i.

Ìbátan rẹ̀ ni ti ilé ẹjọ́. Gẹ̀ẹ́sì ní wọ́n lè fi ẹ̀rín lé èèyàn jáde ní kóòtù. Èrò náà ti pẹ́: Horace, akéwì ará Róòmù tó kú ní ọdún 8 ṣáájú ìbí Jésù, parí ọ̀kan nínú àwọn ewì rẹ̀ sórí ẹjọ́ kan tí ẹ̀rín tú ká. Lónìí, kò dìgbà tí kóòtù bá wà níbẹ̀ kí wọ́n tó lo àkànlò yìí. Ó túmọ̀ sí pé ẹnì kan gbé àbá wá, wọn kò yẹ̀ ẹ́ wò, wọn kò dá a lẹ́bi, wọn kò dá a láre. Wọ́n kàn rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì parí. "Wọn kò tilẹ̀ ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí" ni mo máa ń fi tú u.

5. Ìgbà tí ipò bá yí

Títí di ìsinsìnyí, ẹni tó wà lókè wà lókè, ẹni tó wà nílẹ̀ wà nílẹ̀. Àwọn àkànlò kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti yí wọn padà. "The last laugh" ni ẹ̀rín ìkẹyìn, ti ẹni tí wọ́n rò pé ó ti kú sógun tó wá padà ṣẹ́gun. Mo máa ń gbọ́ ọ lórí rédíò pé ẹnì kan "rẹ́rìn-ín kẹ́yìn", ó sì ti ń di ti wa díẹ̀díẹ̀. N kò bá a jà. Ṣùgbọ́n Yorùbá ti ní ojoojúmọ́ ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun, tó sọ ìyípadà náà láìmú ẹ̀rín kankan dání. Èkejì ni ti ẹni tí yóò rẹ́rìn-ín ní ẹ̀gbẹ́ kejì ojú rẹ̀, tàbí ti ẹnu rẹ̀, bí àwọn ará àtijọ́ wọn ṣe ń sọ ọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ̀rín rẹ̀ yóò di ẹkún. Ẹ má wá ẹ̀gbẹ́ ojú kankan.

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ sílé, nítorí òun ni ẹ̀rí mi tó lágbára jù lọ. Gẹ̀ẹ́sì ní ẹnì kan "laughed all the way to the bank": ó ń rẹ́rìn-ín títí dé báńkì. Ẹni tó sọ irú ọ̀rọ̀ yìí di olókìkí ni Liberace, ará Amẹ́ríkà tó máa ń wọ aṣọ tó ń dán gbinrin jókòó sídìí dùùrù, tí ọ̀pá àbẹ́là ẹlẹ́ka púpọ̀ sì máa ń wà lórí dùùrù náà. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, àwọn alárìíwísí bú u kanlẹ̀. Ní ọdún 1956 òǹkọ̀wé kan nínú ìwé ìròyìn Daily Mirror ti Lọ́ńdọ̀nù kọ ọ̀rọ̀ burúkú nípa rẹ̀. Liberace pè wọ́n lẹ́jọ́, ó borí ní 1959, wọ́n sì san 8,000 pọ́n-ùn fún un. Èsì tí àwọn èèyàn mọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu fún àwọn alárìíwísí ni pé ọ̀rọ̀ wọn dun òun débi pé òun sunkún títí dé báńkì.

Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Ẹkún ló wà nínú èyí tó ń sọ. Nígbà tó yá, ẹnu àwọn èèyàn gbé ẹ̀rín sípò ẹkún, ìtumọ̀ kò sì yẹ̀ rárá! Bí a bá lè yọ ẹkún kúrò nínú gbólóhùn kan, kí a fi ẹ̀rín dípò rẹ̀, kí gbólóhùn náà sì máa sọ ohun kan náà lọ, a jẹ́ pé ohun tó wà lọ́kàn ẹni náà, ìbáà ṣe ìdùnnú, ìbáà ṣe ìbànújẹ́, kọ́ ni àkànlò náà ń sọ. Báńkì ló ń sọ. Ipò ló ń sọ. Wọ́n ń bú u, òun ń kówó. Gbólóhùn Yorùbá tí n ó fi tú u gan-an nìyẹn, "Wọ́n ń bú u, òun ń kówó," kò sì sí ẹ̀rín kan nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò dín, kò lé.

6. Ẹ̀rín tó sún mọ́ ikú, àti èyí tó sún mọ́ ẹkún

Àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ gbọ́ nípa ewéko kan ní erékùṣù Sardinia tó máa ń fa ẹnu ẹni tó bá jẹ ẹ́ sẹ́yìn, tí onítọ̀hún á fi kú bí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Orúkọ erékùṣù náà ni wọ́n so mọ́ ẹ̀rín ẹni tí inú rẹ̀ korò, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "sardonic". Àwọn dókítà ṣì ń fi orúkọ yẹn pe ojú aláìsàn tẹ́tánọ́ọ̀sì tí iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti le gan-an tí eyín rẹ̀ sì yọ síta. Ẹ̀rín tí ayọ̀ ti tán nínú rẹ̀ pátápátá nìyẹn, ara nìkan ló ń rín in.

Ní ọdún 1952, Langston Hughes, òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, tẹ àkójọ ìtàn kéékèèké kan jáde tó pe orúkọ rẹ̀ ní "Laughing to Keep from Crying". Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí àkọlé yẹn, n kò wá ìwé atúmọ̀ kankan, nítorí ìyá tó bí mi ti sọ ọ́ fún mi lédè tiwa kí n tó mọ̀wé kà: ọ̀rọ̀ tó bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín là á rín. Ẹni tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ ló ń rín ẹ̀rín yìí. Kò fi ẹnikẹ́ni ṣe ẹ̀sín, kò fara pamọ́ sínú apá aṣọ. Ẹrù wà lórí rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹrù náà rí omijé òun. Nínú gbogbo èyí tí mo mẹ́nu bà láàárọ̀ yìí, òun ló rọrùn jù lọ láti gbé láti èdè kan dé èkejì láìtú pákó rẹ̀.

Mo ní ìwé pẹlẹbẹ kan tí mo ń kọ àwọn àkànlò yìí sí, Gẹ̀ẹ́sì lápá òsì, Yorùbá lápá ọ̀tún. Àyè kan ṣófo lápá ọ̀tún tó ń dà mí láàmú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Charles Douglass, ẹ̀ńjìníà ohùn ní Amẹ́ríkà, ṣe ẹ̀rọ kan tó ń da ẹ̀rín àwọn òǹwòran tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ sórí eré tẹlifíṣọ̀n. Irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "canned laughter". Mo kọ "ẹ̀rín inú agolo", mo pa á rẹ́. Mo kọ "ẹ̀rín àgbàsílẹ̀", ó tọ̀nà, àmọ́ kò ní adùn. Ẹ̀yin òṣèré àti ẹ̀yin oníròyìn tí ẹ jókòó síbí ló ń lo nǹkan yìí lójoojúmọ́. Bí ẹ bá ti ní orúkọ tí ẹ ń pè é láàárín ara yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí n kúrò ní gbọ̀ngàn yìí láìsọ ọ́ fún mi. Ẹnu ọ̀nà ni n ó dúró sí, pẹ̀lú ìwé náà lọ́wọ́.